Ọmọ Inú Ìgò: Bí A Ṣe Ń Yẹ Iye Tí Ilé Ìwòsàn Ń Kéde Wò

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa ní Pobè àti ní Sakété, ẹ ti mọ ìṣirò nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ mọ̀ pé bí ìyá kan bá ra gàrí ní sẹ́fà 100, tí ó tà á ní 120, èrè 20 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó jẹ. Lónìí, ìṣirò kan náà ni a óò lò, ṣùgbọ́n a kò ní lò ó fún gàrí. A óò lò ó fún ọ̀rọ̀ tí ó ń dun ọ̀pọ̀ ilé, tí a kì í sì í fẹ́ sọ síta. Ọ̀rọ̀ àwọn tí ń wá ọmọ ni.

Ó ṣeé ṣe kí ẹ ti gbọ́ ọ lórí rédíò, tàbí kí ẹ ti rí i lára pátákó ní ọ̀nà Kútọnu tàbí ní ọ̀nà Èkó, pé ilé ìwòsàn kan wà tí ó lè ran tọkọtaya lọ́wọ́ láti ní ọmọ inú ìgò. Nígbà mìíràn wọn a kọ iye kan sí i: "A ń ṣe àṣeyọrí 60 nínú ọgọ́rùn-ún." Obìnrin tí ó ti ń wá ọmọ fún ọdún mẹ́jọ, bí ó bá gbọ́ 60, ọkàn rẹ̀ yóò fò. Yóò sọ nínú ara rẹ̀ pé, "60 ju ìdajì lọ. Ó ti di tèmi." Ọkọ rẹ̀ lè ta ilẹ̀. Wọ́n lè fi oko ọ̀pẹ dógò. Owó ọ̀hún kì í ṣe owó kékeré. Ìgbà kan ṣoṣo tí wọ́n bá ṣe é lè gba ju mílíọ̀nù kan sẹ́fà lọ. Nítorí náà, kí a tó fọwọ́ kan ilẹ̀ bàbá ẹni, ó yẹ kí a bi ilé ìwòsàn náà ní ìbéèrè kan: 60 nínú ọgọ́rùn-ún kí ni?

Ìwé yìí kò sọ pé kí ẹ lọ, kò sì sọ pé kí ẹ má lọ. Bí a ti ń ka iye náà ni ó fẹ́ kọ́ yín.

Ohun tí wọ́n ń pè ní ọmọ inú ìgò

Lóṣooṣù, ẹyin kan máa ń gbó nínú ara obìnrin. Ẹyin náà kéré ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Ó máa ń gba ọ̀nà tóóró kan lọ sí ilé ọmọ. Inú ọ̀nà tóóró yìí ni ó ti ń pàdé àtọ̀ ọkùnrin. Bí wọ́n bá pàdé, wọ́n di ọlẹ̀. Ọlẹ̀ yóò rọra sọ̀ kalẹ̀ sínú ilé ọmọ, yóò sì lẹ̀ mọ́ ọn. Oyún dé nìyẹn.

Bí ọ̀nà tóóró náà bá dí ńkọ́? Àrùn lè dí i. Àtọ̀sí tí a kò tọ́jú dáadáa lè dí i. Bákan náà ni kòkòrò àrùn tí ó wọ inú obìnrin lẹ́yìn ìbímọ, tàbí lẹ́yìn oyún tí wọ́n ṣẹ́ ní ìkọ̀kọ̀. Ó sì lè jẹ́ pé ọ̀nà là, ṣùgbọ́n àtọ̀ ọkùnrin kò pọ̀ tó, tàbí kò lágbára láti rìn dé ibẹ̀. Ẹyin àti àtọ̀ kò ní lè pàdé.

Ohun tí àwọn dókítà ń ṣe ni pé wọ́n ń mú wọn pàdé ní òde ara. Ní èdè Faransé, wọ́n ń pè é ní FIV. Ní Nàìjíríà, IVF ni wọ́n ń kọ. Wọn a gún obìnrin ní abẹ́rẹ́ lójoojúmọ́ fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá, kí ẹyin púpọ̀ lè gbó lẹ́ẹ̀kan náà dípò ẹyin kan. Wọn a fi abẹ́rẹ́ gígùn fa àwọn ẹyin náà jáde. Wọn a fi wọ́n sínú àwo kékeré pẹ̀lú àtọ̀ ọkọ. (Àwo ni, kì í ṣe ìgò, ṣùgbọ́n orúkọ náà ti mọ́ wa lẹ́nu.) Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta tàbí márùn-ún, wọn a mú ọlẹ̀ kan tàbí méjì, wọn a fi í sínú ilé ọmọ ìyá. Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, wọn a yẹ ẹ̀jẹ̀ ìyá wò láti mọ̀ bóyá ọlẹ̀ náà lẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, inú ìyá rẹ̀ ni ọmọ ti ń dàgbà bí ọmọ gbogbo.

Àwọn kan ń sọ pé ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ènìyàn gidi, tàbí pé òun náà kò ní lè bímọ. Ẹ má gbà á gbọ́. Ọmọ àkọ́kọ́ tí a bí báyìí ni Louise Brown. Wọ́n bí i ní Oldham, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọjọ́ 25 oṣù keje ọdún 1978. Robert Edwards, Patrick Steptoe àti Jean Purdy ni wọ́n jọ ṣe iṣẹ́ náà. Louise fúnra rẹ̀ ti di ọlọ́mọ, kò sì lo àwo kankan. Ní ilẹ̀ Faransé, Amandine ni àkọ́kọ́, ní ọdún 1982. Ní tòsí wa, ní Èkó, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n méjì, Osato Giwa-Osagie àti Ọládàpọ̀ Ashiru, ni wọ́n ṣe é tí a fi bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Èkó ní ọdún 1989. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba Ìgólò kọjá sí Ìdí-Ìrókò mọ̀ pé Èkó kò jìnnà. Iṣẹ́ náà kì í ṣe tuntun mọ́, kì í sì í ṣe idán. Ohun tí ó ṣòro ni láti mọ iye ìgbà tí ó ń yọrí sí ọmọ.

Adìyẹ tí ó sàba

Ẹ jẹ́ kí a fi adìyẹ ṣe àpẹẹrẹ. Adìyẹ kan sàba lé ẹyin 12. Ó pa 9. Àṣá gbé ọmọ adìyẹ méjì, òjò pa méjì. 5 ló dàgbà. Bí ẹnì kan bá bi yín pé báwo ni adìyẹ náà ti ṣe sí, ẹ lè wí pé, "Ó pa 9 nínú 12." Ẹ sì lè wí pé, "5 ni a rí nínú 12." Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fẹ́ ra ìyá adìyẹ yẹn kí agbo tirẹ̀ lè pọ̀, èwo ni ó yẹ kí a sọ fún un?

Bí ó ti rí ní ilé ìwòsàn nìyẹn. Ẹ mú bébà àti gègé, kí ẹ kọ àwọn iye wọ̀nyí sílẹ̀. Àpẹẹrẹ ìṣirò ni. Kì í ṣe ti ilé ìwòsàn kankan.

Obìnrin tí ó bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́: 100
Obìnrin tí a rí ẹyin fà jáde lára wọn: 90
Obìnrin tí a rí ọlẹ̀ fi sínú wọn: 80
Obìnrin tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ sọ pé ó lóyún: 40
Obìnrin tí a rí i pé ọkàn ọmọ ń lù nínú rẹ̀: 32
Obìnrin tí ó gbé ọmọ alààyè lọ sílé: 26

Ẹ wo bí iye náà ti ń dín kù. Abẹ́rẹ́ kò ṣiṣẹ́ lára obìnrin 10 àkọ́kọ́, kò sí ẹyin tí ó gbó dáadáa. Ti àwọn 10 mìíràn, ẹyin wà, ṣùgbọ́n kò di ọlẹ̀ tí ó ṣeé lò. Ọlẹ̀ wọ inú obìnrin 80, ìdajì wọn ni ó lẹ̀ mọ́ lára. Nínú 40 yìí, ti àwọn 8 fara hàn nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, ó sì pòórá. Ti àwọn 6 bàjẹ́ lẹ́yìn náà, tàbí wọ́n bí òkú ọmọ. Owó tí obìnrin 100 náà san kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ara wọn. Ẹkún wọn kò yàtọ̀ rárá.

Nísinsìnyí, ilé ìwòsàn yìí fẹ́ kọ pátákó. Bí ó bá mú 40, tí ó fi 80 pín in, yóò kọ 50 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ó bá mú 32, tí ó fi 80 pín in, yóò kọ 40. Bí ó bá mú 26, tí ó fi 100 pín in, yóò kọ 26. Àwọn obìnrin kan náà ni, iṣẹ́ kan náà, ọdún kan náà. 50 ni tàbí 26?

Mo ti gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń sọ pé irọ́ ni gbogbo ilé ìwòsàn wọ̀nyí ń pa. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn kò purọ́. Ìlà tí ó dùn ún gbọ́ ni wọ́n mú. Ẹ̀yin ni kí ẹ béèrè ìlà ìkẹyìn, kí ẹ sì fi ìlà àkọ́kọ́ pín in. Ẹ kọ́ ìbéèrè yìí sórí: "Nínú 100 obìnrin tí ọjọ́ orí wọn dà bí tèmi, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ níhìn-ín, mélòó ló gbé ọmọ alààyè lọ sílé?"

Àwọn ilé ìwòsàn Kútọnu ń kọ̀wé ní èdè Faransé. Bí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ náà grossesse, oyún ni wọ́n kà. Bí ẹ bá rí naissance vivante, ọmọ tí a bí láàyè ni wọ́n kà. Ọ̀rọ̀ kejì yìí ni kí ẹ fi ìka wá lórí bébà wọn. Bí ẹ kò bá tí ì lè ka Faransé, ẹ mú ẹni tí ó gbọ́ ọ dání. Iye inú bébà, ẹ̀yin fúnra yín lè kà á, nítorí pé 26 kan náà ni wọ́n ń kọ ní Kútọnu, ní Lómè àti ní Èkó.

Ọjọ́ orí obìnrin

Nínú ìbéèrè tí mo ní kí ẹ kọ́ sórí, mo fi ọjọ́ orí sí i. Èyí ṣe pàtàkì púpọ̀. Gbogbo ẹyin tí obìnrin yóò ní láyé ni ó ti wà lára rẹ̀ nígbà tí wọ́n bí i. Ara kì í ṣe tuntun mọ́. Bí ó ti ń dàgbà, bẹ́ẹ̀ ni ẹyin náà ń dàgbà. Lẹ́yìn ọdún 35, agbára wọn ń dín kù. Lẹ́yìn 40, ó ń yára dín kù. Obìnrin ọdún 43 lè máa rí nǹkan oṣù rẹ̀ déédéé, kí ara rẹ̀ le, kí ó máa ru ẹrù lọ sí ọjà Pobè láìsinmi. Èyí kò ní kí ẹyin rẹ̀ padà di ti ọmọ ọdún 25.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àjọ kan wà tí òfin gbé kalẹ̀, HFEA ni orúkọ rẹ̀. Láti ọdún 1991 ni ó ti ń gba àkọsílẹ̀ gbogbo ilé ìwòsàn tí ń ṣe iṣẹ́ yìí níbẹ̀. Ẹ wo ohun tí ó kà ní ọdún 2019. Fún àwọn obìnrin tí kò tí ì pé ọdún 35, nínú ọlẹ̀ 100 tí a fi sínú ìyá, nǹkan bí 32 ni ó di ọmọ tí a bí láàyè. Fún àwọn tí ó wà láàrin 40 sí 42, nǹkan bí 11 ni. Láti 43 sókè, bí wọ́n bá lo ẹyin ara wọn, nǹkan bí 5 tàbí kí ó má tó bẹ́ẹ̀. Ẹ má sì gbàgbé pé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni èyí, níbi tí iná mànàmáná kì í ti í kú mọ́ ẹ̀rọ lójú.

Nítorí náà, bí ilé ìwòsàn kan bá sọ fún obìnrin ọdún 42 pé ti òun jẹ́ 60 nínú ọgọ́rùn-ún, kí ó béèrè pé: ẹyin ta ni?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe àfojúdi. Ọ̀nà kan wà tí wọ́n ń gbà, pàápàá ní àwọn ìlú ńlá: wọn a gba ẹyin lára ọmọdébìnrin tí ó ti tó ogún ọdún lé, wọn a fi àtọ̀ ọkọ sí i, wọn a wá fi ọlẹ̀ náà sínú ìyàwó. Ọjọ́ orí ẹni tí ó ni ẹyin ni iṣẹ́ náà ń tẹ̀ lé, kì í ṣe ọjọ́ orí ẹni tí ó gbé oyún. Ìdí nìyí tí iye fi ń ga. Àwọn kan fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì dúpẹ́. Ìyàwó ni yóò gbé oyún, òun ni yóò rọbí, òun ni yóò fún ọmọ lọ́mú. Àwọn mìíràn kò lè gbà á láé, nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ àti ìdílé. Tọkọtaya ni kí ó jókòó sọ ọ́ nílé kí wọ́n tó dé iwájú dókítà. Ohun tí kò dára ni kí ilé ìwòsàn da àwọn tí ó lo ẹyin ẹlòmíràn pọ̀ mọ́ àwọn tí ó lo ẹyin ara wọn, kí ó wá ka gbogbo wọn pọ̀. Ohun tí ó sì burú jù ni kí ẹnì kan fi àtàǹpàkò tẹ ìwé tí kò kà, kí ó tó mọ̀ pé ohun tí òun gbà nìyẹn.

Bí iye ṣe ń ga láìjẹ́ pé iṣẹ́ dára

Olùkọ́ tí kò gba akẹ́kọ̀ọ́ kankan àfi àwọn tí ó ti mọ̀wé, gbogbo wọn ni yóò yege nínú ìdánwò. Ṣé olùkọ́ náà gbọ́n ju àwa yòókù lọ? Ilé ìwòsàn náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ń dá obìnrin tí ó ti lé ní 38 padà, tàbí àwọn tí wọ́n ti ṣe é lẹ́ẹ̀mejì níbòmíràn tí kò bọ́ sí i, iye rẹ̀ yóò ga. Ilé ìwòsàn tí ó ń gba àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn le yóò ní iye tí ó kéré, bẹ́ẹ̀ ni ó lè jẹ́ pé òun gan-an ni ó mọṣẹ́ jù. Ẹ béèrè irú àwọn wo ni wọ́n ń gbà.

Ọ̀nà kejì ni kí wọ́n fi ọlẹ̀ púpọ̀ sínú obìnrin lẹ́ẹ̀kan náà, mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ó má baà sí èyí tí kò ní lẹ̀. Mo mọ ohun tí ẹ óò sọ. Ẹ óò ní, "Olùkọ́, ṣé a kì í ṣe Yorùbá ni? Ta ni kò fẹ́ ìbejì?" Òótọ́ ni, a fẹ́ ìbejì, a ń bọ wọ́n, a ń jó fún wọn. Ṣùgbọ́n ìbẹta àti ìbẹrin kì í sábà pé oṣù. Wọ́n lè bí wọn ní oṣù keje, kí wọ́n kéré, kí wọ́n má lè mí dáadáa, kí wọ́n nílò ẹ̀rọ tí ń mú ọmọ gbóná fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ìyá lè ru, ó sì lè ya púpọ̀ nígbà ìbí. Ilé ìwòsàn ti ka obìnrin náà mọ́ àwọn tí ó lóyún. Bébà rẹ̀ dára. Ẹni tí ó wà nínú ewu kò sí lórí bébà náà. Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ lónìí, ọlẹ̀ kan ni àwọn dókítà ń fẹ́ fi sínú ọ̀dọ́bìnrin, kí wọ́n tọ́jú àwọn yòókù sínú òtútù fún ìgbà mìíràn. Ẹ béèrè pé, "Ọlẹ̀ mélòó ni ẹ máa fi sí mi?"

Èyí tí ó kù kò gùn. Ẹni tí ó ta ayò ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún, tí ó jẹ ẹ̀ẹ̀mẹta, ti jẹ 60 nínú ọgọ́rùn-ún. Kò tí ì di ọ̀ta. Bí ilé ìwòsàn kan bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí, tí obìnrin 5 wá, tí 3 lóyún, 60 ni wọ́n máa kọ. Ẹ béèrè iye obìnrin tí wọ́n kà, kí ẹ sì béèrè ọdún tí wọ́n kà á, nítorí pé ó wu ẹlòmíràn kí ó máa sọ ti ọdún tí ó dára jù títí ayé.

Ta ló ka iye náà?

Ẹ̀yin ará Pobè mọ ilé ìwádìí ọ̀pẹ tí ó wà ní ìlú yín láti ọdún 1922. Kí ló dé tí àgbẹ̀ fi ń fẹ́ ọ̀pẹ ilé ìwádìí ju èyí tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà lọ? Nítorí pé àwọn ará ilé ìwádìí ń kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n mọ akọ àti abo tí wọ́n ti mú irúgbìn jáde. Wọ́n ń ka ìdì ẹyìn tí igi kọ̀ọ̀kan so, ọdún lẹ́yìn ọdún. Ẹni ẹ̀bá ọ̀nà lè sọ pé ọ̀pẹ òun ń so púpọ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ yìí. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ṣe òfin ní ọdún 1992 pé kí ilé ìwòsàn máa jíhìn iye àwọn tí ó bímọ, kí gbogbo ènìyàn lè rí i. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí ó bá fẹ́ lè wo àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan lọ́dọ̀ àjọ HFEA. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, kò sí irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ kan wà fún gbogbo Áfíríkà, ANARA ni wọ́n ń pè é, tí ó ń kó àkọsílẹ̀ jọ. Ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn tí ó bá wù ú ló ń fi tirẹ̀ ránṣẹ́, àpapọ̀ ni wọ́n sì ń tẹ̀ jáde, kì í ṣe ti ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan. Síbẹ̀, ó dára kí ẹ béèrè pé, "Ǹjẹ́ ẹ̀ ń fi àkọsílẹ̀ yín ránṣẹ́ sí ANARA?" Ilé ìwòsàn tí ó ń kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn láti yẹ̀ wò sàn ju èyí tí ń sọ ọ́ lẹ́nu lásán.

Ẹ ní kí wọ́n kọ ìdáhùn sórí bébà, kí wọ́n sì tẹ èdìdì wọn sí i. Bí wọ́n bá bínú nítorí ìbéèrè, ẹ dìde, ẹ máa bọ̀ nílé.

Àyẹ̀wò tí ó ṣáájú

N kò lè ṣàì sọ èyí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọkùnrin inú kíláàsì yóò wò mí lójú. Ní ilẹ̀ wa, bí oyún kò bá dé, obìnrin ni a máa ń wò. Ìyá ọkọ á sọ̀rọ̀, àbúrò ọkọ á sọ̀rọ̀, wọn a ní kí ọkọ fẹ́ ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n nínú nǹkan bí ìdajì àwọn tọkọtaya tí kò rí ọmọ bí, ọ̀rọ̀ ti ọkùnrin wà níbẹ̀, yálà òun nìkan tàbí òun pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Ọkùnrin tí ara rẹ̀ le, tí kò ní ìṣòro kankan lórí ẹní, lè má ní àtọ̀ tí ó tó. Ojú kò lè rí i. Ẹ̀rọ tí ń sọ ohun kékeré di ńlá ni ó ń fi í hàn. Ó sì lè jẹ́ ọkùnrin tí ó ti bímọ tẹ́lẹ̀ rí.

Àyẹ̀wò àtọ̀ kò gba abẹ́rẹ́, kò gba iṣẹ́ abẹ. Owó rẹ̀ kéré gan-an lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó FIV. Bí ọkọ bá kọ̀ láti ṣe é, tí ìyàwó ń ti ilé oníṣègùn kan bọ́ sí òmíràn fún ọdún mẹ́fà, ọdún mẹ́fà ẹyin rẹ̀ ni ó ń lọ yẹn. Àjọ ìlera àgbáyé sọ ní ọdún 2023 pé nǹkan bí ẹnì kan nínú àgbàlagbà mẹ́fà ni irú ìṣòro yìí ń bá pàdé nígbà kan ní ayé rẹ̀. Kì í ṣe ìtìjú ìdílé kan.

Bí obìnrin kò bá tí ì pé 35, kí tọkọtaya lọ fún àyẹ̀wò lẹ́yìn ọdún kan tí oyún kò dé. Bí ó bá ti lé ní 35, kí wọ́n má dúró ju oṣù mẹ́fà lọ. Àwọn méjèèjì ni kí ó jọ lọ, láti ilé ìwòsàn ìjọba tí ó sún mọ́ wọn. Àwọn mìíràn wà tí oògùn oníhóró tí ń mú ẹyin gbó ni gbogbo ohun tí wọ́n nílò. Ilé ìwòsàn tí ó dárúkọ FIV fún yín ní ọjọ́ àkọ́kọ́, tí kò tí ì yẹ ọkọ wò, owó yín ni ó rí.

Bí a bá tún un ṣe

Ẹnì kan lè sọ pé, "Bí ó bá jẹ́ 30 nínú ọgọ́rùn-ún, kí n ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. 30 lọ́nà mẹ́ta jẹ́ 90. Ó kù díẹ̀ kí ó pé." Ìṣirò náà kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ tún mú gègé. Nínú obìnrin 100, 30 rí ọmọ nígbà àkọ́kọ́. Ó ku 70. Nígbà kejì, 30 nínú ọgọ́rùn-ún ti 70 jẹ́ 21. Ó ku 49. Nígbà kẹta, 30 nínú ọgọ́rùn-ún ti 49 jẹ́ nǹkan bí 15. Ẹ ro 30, 21 àti 15 pọ̀: 66 ni. Obìnrin 34 ti san owó lẹ́ẹ̀mẹta, wọn kò sì rí ọmọ. Ní òtítọ́, ó lè ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn le jù ni ó máa ń kù sẹ́yìn. Kí tọkọtaya fẹnu kò lórí iye ìgbà tí wọ́n lè ṣe é kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn tí ìgbà àkọ́kọ́ kò bá bọ́ sí i, ẹkún kì í jẹ́ kí a lè ṣe ìṣirò.

Ẹ béèrè bóyá oògùn wà nínú owó tí wọ́n dá, tàbí ẹ óò ra oògùn lọ́tọ̀. Ẹ béèrè iye tí wọn óò dá padà bí abẹ́rẹ́ kò bá mú ẹyin gbó. Ẹ ka owó ọkọ̀ mọ́ ọn pẹ̀lú. Ní ọjọ́ mẹ́wàá abẹ́rẹ́ yẹn, wọn óò máa fi ẹ̀rọ wo inú obìnrin ní ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta sí ara wọn. Ẹni tí ó wà ní Sakété kò lè máa lọ kí ó máa bọ̀ ní Èkó bẹ́ẹ̀. Yóò wá ibi tí yóò sùn, ọjà rẹ̀ yóò sì dúró.

Iṣẹ́ ṣíṣe

Ilé ìwòsàn kìn-ín-ní sọ pé: "A fi ọlẹ̀ sínú obìnrin 12, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ 7 nínú wọn fi oyún hàn." Ilé ìwòsàn kejì sọ pé: "Obìnrin 200 tí ọjọ́ orí wọn wà láàrin 30 sí 39 bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ ní ọ̀dọ̀ wa, 50 nínú wọn gbé ọmọ alààyè lọ sílé, ẹyin ara wọn ni gbogbo wọn sì lò." Ẹ sọ iye ti ọ̀kọ̀ọ̀kan di nínú ọgọ́rùn-ún. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ìbéèrè mẹ́rin tí ẹ óò bi ilé ìwòsàn kìn-ín-ní kí ẹ tó lè fi ti àwọn méjèèjì wé ara wọn. Ẹ mú un wá sí kíláàsì tí ń bọ̀.